Ewé Ìsàlẹ̀ Ni Kí O Kọ́kọ́ Wò

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú láti díbọ́n. Èmi fúnra mi, bí ẹlòmíràn bá gbé ìtàn yìí wá bá mi, n ó ní kó padà lọ wá irọ́ tó jọ òótọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀. Mo wà nílùú òyìnbó, mo dín àkàrà sàráà fún ìyá mi tó kú, mo pín in fún àwọn òyìnbó, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì dúpẹ́. Ní àkókò yẹn gan-an, ìyá mi wà ní Ìfọ́n, ó ń jẹ iyán, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ó ti kú.

Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Ẹ fi díẹ̀ pamọ́ nínú ẹ̀rín náà, ọ̀nà ṣì jìn.

Ọmọ Ìlobù ni mí. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó jẹ́ pé bó bá sọ gbólóhùn mẹ́ta lóòjọ́, àwa ọmọ rẹ̀ á máa bi ara wa bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ọmọ Ìfọ́n ni ìyá mi, òun ló sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí bàbá mi kò sọ. Bí èèyàn bá gbé ẹ̀wà kaná ní Ìlobù, tó fẹsẹ̀ rìn dé Ìfọ́n, tó kí gbogbo ẹni tó yẹ ní kíkí, tó sì padà, ẹ̀wà náà lè má tíì jinná. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ọ̀nà kúkúrú yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé.

Òmìnira kò tíì dé nígbà náà. Bí mo ṣe rin ìrìn àjò náà, ẹ jẹ́ ká fò ó. Omi ni, èébì ni, lẹ́yìn náà omi ló tún kù.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù lọ́hùn-ún kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ fún mi nípa òtútù. Àìkíni ni. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn kan ni mo wà, mo sì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ga, tó gbẹ, tí irun rẹ̀ funfun bí òwú. Dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Kì í ṣe dókítà aláìsàn o, dókítà ewé ni. Láàárọ̀ mo kí i. Lọ́sàn-án a tún pàdé lórí àtẹ̀gùn, mo tẹ ara mi ba, mo tún kí i. Nígbà tó di ìgbà kẹta, ó dúró.

"Ṣé nǹkan kan ń ṣe ọ́ ni?"

"Rárá o, mà."

"O ti kí mi láàárọ̀."

"Ọ̀sán ti wá pọ́n, mà."

"Mo rí i pé ọ̀sán pọ́n."

"Ẹ sì wà lẹ́nu iṣẹ́, mà."

"Ibo lo fẹ́ kí n wà?"

Mo wá ṣàlàyé fún un pé nílé wa, èèyàn kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó kọjá lára ògiri. Ó bi mí bí a ṣe ń kí ẹni bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ó tún un sọ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, kò sì gbé ohùn kan ṣoṣo síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọlé, ohun tí n ó gbọ́ láti ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀ ni "Ẹ kú iṣẹ́", bí ohùn ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò kúrò nílé rí, ẹ lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń sọ fún yín pé àwọn òwúrọ̀ kan wà tó jẹ́ pé nítorí "Ẹ kú iṣẹ́" yẹn nìkan ni mo ṣe dìde lórí ibùsùn.

Iṣẹ́ wa ni láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí púrótéènì inú ewé nígbà tí ìyà bá ń jẹ ohun ọ̀gbìn. Púrótéènì, ohun náà tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹran tó ń mú ara dàgbà, ewé náà ní tirẹ̀, òun ló sì fi ń ṣiṣẹ́. A ó gbin ẹ̀wà sínú yanrìn tí a ti fọ̀ títí tí kò fi ní ọ̀rá kankan nínú. A ó fi ebi pa á, a ó fi òùngbẹ pa á, nígbà mìíràn a ó tì í mọ́ inú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà a ó já ewé rẹ̀, a ó gún un, a ó sè é, a ó wọn ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Nínú ìwé tí mo kọ sílé, mo ní mò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ oko. Mi ò lè kọ ọ́ pé ebi ni wọ́n ní kí n máa fi pa ẹ̀wà. Bàbá mi ì bá ní kí n máa bọ̀ nílé kíákíá.

Ní òwúrọ̀ kan, Dókítà bá mi níbi tí mo ti tẹjú mọ́ ọ̀mùnú orí ẹ̀wà kan nínú ilé onígíláàsì wa.

"Kí lò ń wò?"

"Mò ń wò ó bóyá ebi ti ń pa á, mà. Ara rẹ̀ le. Ewé tuntun ló ń yọ yìí."

"Ewé tuntun á máa yọ. Ta ló ń bọ́ ọ?" Ó gbá mi lọ́wọ́ kúrò lára ọ̀mùnú náà, ó tọ́ka sísàlẹ̀. Ewé tó kọ́kọ́ yọ lára ẹ̀wà náà ti pọ́n bí ìyeyè. "Bí ìyà bá dé, òkè kọ́ ló ti ń hàn. Ewé àgbà á máa tú ilé ara rẹ̀ palẹ̀, á máa kó púrótéènì rẹ̀ ránṣẹ́ sókè díẹ̀díẹ̀ fún àwọn ọmọ. Òun ni òkè fi ń tutù yọ̀yọ̀. Nígbà tí o bá máa rí i pé òkè rọ, ìsàlẹ̀ ti tán. Ewé ìsàlẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò."

Mo dúró síbẹ̀, mo ń fọwọ́ ra ibi tó gbá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo fa ewé iṣu kan tó pọ́n já lóko, mo rò pé ìmọ́tótó ni mò ń ṣe. Bàbá mi gbá mi lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. "Fi í sílẹ̀," ó ní. "Kò tíì bá iṣu sọ̀rọ̀ tán." Ó ti lo gbólóhùn méjì nínú mẹ́ta ọjọ́ náà nìyẹn. Òun àti Dókítà kò mọ ara wọn rí, àwọn méjèèjì sì gbá mi lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ta ló wá yẹ kó tètè gbọ́n?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀ọ̀dá Rájí, jẹ́ akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń ra kòkó ní Òṣogbo, tẹlifóònù sì wà lórí tábìlì ọ̀gá rẹ̀. Dókítà gbà fún mi kí n máa lo tẹlifóònù inú ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹ má rò pé bíi ti òde òní ni o. A ó kọ̀wé síra wa láti dá ọjọ́, a ó dúró de àwọn tó ń so ìlú mọ́ ìlú. Nígbà tí ohùn bá sì dé, á dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àmù.

Ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ lẹ́yìn Iléyá. Bọ̀ọ̀dá mú ìyá mi wá láti Ìlobù.

"Hàló! Ta nì yẹn?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ìwọ wo? Kí ló dé tí ohùn rẹ fi tínrín báyìí? Ṣé wọn kì í fún ọ lóúnjẹ níbẹ̀ ni?"

Bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò bi mí léèrè. Mo ti wà nílẹ̀. Àyà mi lu pákó ọ́fíìsì Dókítà gbì. Ṣùgbọ́n okùn tẹlifóònù náà kò gùn dé ilẹ̀; ó fa etí tẹlifóònù gbà lọ́wọ́ mi, ó ń mì jìgìjìgì lára tábìlì, ìyá mi ń kígbe nínú rẹ̀ bí oyin inú ìgò. Dókítà wọlé bá mi bẹ́ẹ̀.

"Ṣé o ṣubú ni?"

"Ìyá mi ni mò ń kí, mà."

"Kò rí ọ."

"Ó máa mọ̀, mà."

Mo dìde, mo gbé e sétí. Ohun tí ìyá mi ń sọ ni pé, "Ṣé o ò dọ̀bálẹ̀ ni? Mi ò gbọ́ kí ilẹ̀ dún."

"Mo dọ̀bálẹ̀, Ìyá."

"Mo kàn ń wò ọ́ ni. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ó ní òun kò lè bá irin sọ̀rọ̀. Ó ní kí o máa fetí sílẹ̀, òun ó máa sọ̀rọ̀ láti oko, bí o bá gbọ́, o gbọ́."

"Ṣé iṣu ọdún yìí dáa?"

"Lórí ilẹ̀ tó kù, ó dáa."

Mo mọ ohun tí "ilẹ̀ tó kù" jẹ́. Ilẹ̀ etí odò, èyí tó lọ́ràá jù nínú oko bàbá mi, ló bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn kí n tó lè rí owó wọ ọkọ̀. Bàbá ní èyí tó kù tó òun. Mo gbà á gbọ́. Ọmọ tó fẹ́ lọ sí òkè òkun, kí ni kò ní gbà gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ààlà fún yín níbí, torí bí n kò bá sọ ọ́, ẹ ó sọnù. Oko bàbá mi àti ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin tó wà ní Ìfọ́n pààlà. Lọ́dún kan, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní bàbá mi ti kọ ebè iṣu kan wọ inú oko òun. Ebè kan! Ìyá mi gbèjà ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ di ńlá, ni ó bá dìde láàárín agbo ilé, ó da ìborùn rẹ̀ sí èjìká, ó ní, "Gbogbo yín ẹ gbọ́ o. Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ pé mo wà ní Ìfọ́n, ẹ yáa lọ ra aṣọ funfun. Òkú mi ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀." Kò sì lọ mọ́ lóòótọ́. Bí wọ́n bá ń ṣe ìkómọ lọ́hùn-ún, á di ẹ̀bùn fún wọn, á sì dúró sílé.

Ìgbà òtútù dé. Oòrùn ibẹ̀ nígbà náà dà bí àlejò tó ní òun kò jókòó. Èèyàn á jí nínú òkùnkùn, á padà sílé nínú òkùnkùn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀wà tí a tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé nǹkan kan nínú mi ń tú palẹ̀. Mo gbàgbé orúkọ ìsọ̀ kan lọ́jà Ìlobù. Lọ́sẹ̀ kejì mo gbàgbé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo lá àlá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bàbá mi sì wà nínú àlá náà, ó ń wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Lọ́nà ibi iṣẹ́, àwọn èèyàn a máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, wọn kò burú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú ìlú náà tó mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ní Ìlobù, bí mo bá ṣe àṣìṣe lójú ọ̀nà, ilé bàbá mi ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ gbọ́. Mo ti máa ń rò pé ìyọlẹ́nu nìyẹn. N kò mọ̀ pé gbòǹgbò ni.

Ìgbà kejì tí a sọ̀rọ̀ bọ́ sí àárín òtútù náà. Ohùn Bọ̀ọ̀dá nìkan ni mo bá.

"Ìyá dà?"

"Wọn ò lè jáde."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Inú ilé ni wọ́n wà. Wọ́n ń kí ọ."

"Bọ̀ọ̀dá, Ìyá tí ilé kì í gbà!"

"Mo ní kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ṣé ò ń jẹun? Òtútù ńkọ́?"

"Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá ò ní wàhálà kankan."

Mo ní alihamudulilahi, mo kọjá lọ. Bàbá mi kò tíì ní wàhálà rí. Ìyá ló gbà mí lọ́kàn.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára igi ìlú òyìnbó, a tún sọ̀rọ̀. Mo ti múra. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fún mi ní Ìyá."

Mo gbọ́ ariwo òkun tó wà láàárín wa.

"Ìyá ti lọ sí Ìfọ́n," ó ní.

Tẹlifóònù náà gé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló gé e.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, aládùúgbò wa kan ń ṣòwò ní Gọ́ọ̀lù Kóòsì. Ìyá rẹ̀ kú, wọ́n sin ín, wọ́n sì ń kọ̀wé sí i lọ́dọọdún pé ìdí ló ń ro ìyá. Ó ń fi òróró ìpara ránṣẹ́, wọ́n ń gbà á, wọ́n ń dúpẹ́. Ọjọ́ tó dé, wọ́n jẹ́ kó wẹ̀, wọ́n jẹ́ kó jẹun yó, lẹ́yìn náà ni àgbàlagbà kan fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ní wọ́n ṣe é dáadáa. Ta ni ì bá dì í mú lọ́nà jíjìn, bó bá fẹ́ ṣubú? Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ "Ìfọ́n", mo mọ̀. Ìyá mi ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí Ìfọ́n jẹ́. Bọ̀ọ̀dá kò tilẹ̀ wá irọ́ tuntun.

Kí ni mo lè ṣe? Ọkọ̀ kò sí fún mi àfi nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí. Bí mo bá tilẹ̀ fò bí ẹyẹ, ìyá mi ti wà nínú ilẹ̀. Mo padà sínú ilé onígíláàsì, mo bomi rin ẹ̀wà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, Dókítà ti ní kí n já ewé ẹ̀wà, kí n ki ìdí wọn bọ inú omi, kí n máa wò wọ́n. Ewé tí a já kò ní ọmọ tó máa kó ẹrù ránṣẹ́ sí. Púrótéènì rẹ̀ á kàn máa wó lulẹ̀ nínú rẹ̀, á máa jẹ ara rẹ̀ títí á fi pọ́n, á fi rọ. Mo ń wò wọ́n, mo ń rí ara mi. Gbogbo wọn pọ́n, àfi ẹyọ kan. Ó tutù yọ̀yọ̀, bí ẹni tí kò gbọ́ ìròyìn. Mo gbé ìdí rẹ̀ sókè, mo rí òwú funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ níbi tí a ti gé e.

"Ó ta gbòǹgbò," Dókítà ní lẹ́yìn mi. "Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Bó bá ti ta gbòǹgbò, kò ní jẹ ara rẹ̀ mọ́. Á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ púrótéènì tuntun, láìsí igi, láìsí ẹ̀ka." Ó wo ojú mi. "Kí ló dé tí ò ń sunkún sórí ewé mi?"

"Ìyá mi kú, mà."

Ó fà mí lọ sórí àga. "Pẹ̀lẹ́. Nígbà wo ni wọ́n sọ fún ọ?"

"Wọn ò sọ fún mi, mà."

"Ta ló wá sọ ọ́?"

"Kò sí ẹnì kankan. Wọ́n ní ó lọ sí Ìfọ́n."

"Ibo ni Ìfọ́n?"

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú wa, mà."

Ó mí kanlẹ̀. "Jẹ́ kí n lóye rẹ. Ìyá rẹ lọ sí ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú yín, nítorí náà ó ti kú."

Bó ṣe sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó dà bí ọ̀rọ̀ aṣiwèrè. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ebè, ọ̀rọ̀ aṣọ funfun, ọ̀rọ̀ ìdí ríro. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Bàbá mi wà dáadáa, mà," mo dáhùn kíákíá.

Ó tẹ wáyà sí Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀, pé kí ó mú ìyá wá síbi tẹlifóònù. Èsì dé pé ó ń bọ̀, wọ́n sì dá ọjọ́. Ẹ rò pé inú mi dùn? Ẹ ò mọ ilé wa. Mo mọ̀ pé wọ́n á gbé ọ̀kan nínú àwọn ìbátan ìyá mi jókòó síbẹ̀, á máa fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú ariwo yẹn, ta ló máa mọ̀?

Nítorí náà, ní ọjọ́ tó ṣáájú, mo ṣe ojúṣe mi gẹ́gẹ́ bí ọmọ. Mo ra ẹ̀wà funfun, mo bó o. Odó tí a fi ń gún ewé ni mo fọ̀, mo fi gún un. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń dín nǹkan níbẹ̀, mi ò sì lè fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ṣe sàráà ìyá mi. Òróró kan ṣoṣo tí mo rí ni èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré ní ilé olóògùn, tí wọ́n ń kán sí etí tó bá ń dunni. Mo ra èyí tó wà lórí àtẹ tán. Olóògùn náà wo etí mi méjèèjì, àánú mi ṣe é. Ata kò sí. Àkàrà náà fọ́n ká, ó gbẹ, ó jọ nǹkan tí ìyá mi ì bá sọ sí adìẹ, tí á sì tún bẹ adìẹ náà. Mo pín in fún gbogbo àwọn tó wà níbi iṣẹ́, mo ṣàdúà ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. Dókítà jẹ méjì, ó nu ọwọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Kò sí ẹni tó ṣe àmín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ọ́fíìsì rẹ̀ kí ó tó ṣí i. Ewé tó ta gbòǹgbò wà lójú fèrèsé, nínú ìkòkò kékeré báyìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀wà kan tí a gbìn sínú yanrìn lásán, tí orí rẹ̀ ṣì ń yọ ewé. Tẹlifóònù dún. Bọ̀ọ̀dá ní, "Mo mú wọn wá." Nǹkan gbọ̀n, nǹkan ró, lẹ́yìn náà:

"Hàló! Ta nì yẹn?"

Mi ò dọ̀bálẹ̀. Ìbéèrè ni mo ti dì sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ìyá mi lóòótọ́, kí lẹ dì fún mi lọ́jọ́ tí mò ń lọ?"

"Ṣé orí rẹ pé? Ṣé nítorí èyí ni mo ṣe wọ mọ́tò láti òwúrọ̀? Ẹ̀pà yíyan ni mo dì fún ọ, pé kí o jẹ ẹ́ lórí omi. Bọ̀ọ̀dá rẹ ní o jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó rí Òṣogbo. Ọ̀jẹun."

Ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, Dókítà náà ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà láìmọ ìdí.

"Ìyá! Ẹ̀yin ni!"

"Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Wọ́n ní ẹ wà ní Ìfọ́n."

"Ìfọ́n ni mo wà."

"Ẹ̀yin tí ẹ ní kí a ra aṣọ funfun!"

"Ọ̀rọ̀ ìgbà yẹn ti tán, ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi wá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé wa, ó sunkún ju àwa tí a ni òkú lọ. Ó ní ṣé nítorí ebè kan péré ni òun fi bá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ yan odì. Nígbà tí mo wá parí opó, ó tún padà wá, ó ní kí n wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Ṣé kí n kọ̀ fún un ni?"

Ẹnu mi ṣì là pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Opó ta ni, Ìyá?"

Mo gbọ́ ohùn Bọ̀ọ̀dá lọ́ọ̀ọ́kán, "Ìyá, mo ṣebí mo ní kí ẹ jẹ́ kí..." Mo gbọ́ tí Ìyá ń sọ fún un pé, "O ní àwọn àgbà ti kọ̀wé sí i." Mo gbọ́ tí Bọ̀ọ̀dá ní, "Àwọn àgbà ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n dúró." Lẹ́yìn náà Ìyá padà sọ́dọ̀ mi, ohùn rẹ̀ sì ti kéré.

"Ọkọ mi. Ìgbà tí ewé iṣu ń pọ́n ni. Kò ṣàìsàn. Ó ń tín-ín-rín sí i ni, ó sì ní kò sí nǹkan kan. Ó ní òun ó sinmi díẹ̀ nídìí ọgbà iṣu, kí òun tó máa bọ̀ nílé."

Mi ò mọ ẹni tí mò ń dọ̀bálẹ̀ fún. Mo ṣáà bá ara mi nílẹ̀. Okùn náà fa etí tẹlifóònù gbà lọ́wọ́ mi bó ṣe máa ń ṣe, ó ń mì lára tábìlì, ohùn ìyá mi ń dún nínú rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wà lórí pákó. Lábẹ́ fèrèsé, ní ibi tí ojú mi kọ sí, ewé kan wà nílẹ̀, ó pọ́n, ó ti gbẹ, ó fẹ́lẹ́ débi pé mo rí ìmọ́lẹ̀ láti inú rẹ̀. Ewé ìsàlẹ̀ ẹ̀wà inú yanrìn yẹn ni. Mi ò mọ ọjọ́ tó já. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá níbẹ̀.

Mo rí bàtà Dókítà tó kọjá níwájú mi. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó gbé ohun tó ń mì náà sétí, ó gbọ́ ohùn obìnrin tó ń ké pe ọmọ rẹ̀ ní èdè tí òun kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní nínú èdè náà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," ó ní. "Ẹ kú iṣẹ́."

Mi ò gbọ́ ohun tí ìyá mi fi dá a lóhùn. Okùn náà kò gùn dé ilẹ̀.